Òkè Pányá Tí Èmi àti Ànú Fẹ́ Jọ Gùn

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Ọlọ́runṣògo,
Okokomáìkò,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Àjọkẹ́, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Kàsúmù ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ọjà ńkọ́? Mo gbọ́ pé òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dá ní Malábò lásìkò yìí, mo sì gbà á ládùúrà pé kò ba aṣọ títà yín jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Bí a ò bá dúpẹ́, kí la fẹ́ ṣe?

Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Mo gbọ́ èyí tí o ti ń pariwo pé ṣé mo ti bá ọ jà ni, mo sì gbọ́ èyí tí o ti ní kí Ànú má gbàgbé gàrí Ìjẹ̀bú rẹ. Nígbà tí mo gbọ́ ti gàrí yẹn, mo gbé fóònù sílẹ̀, n kò sì lè gbé e mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́, tí mo ní kí Zakariyah tó ń kó ọjà wá bá yín bá mi mú un dání. Àjọkẹ́, bí o bá wà lórí ìdúró, jọ̀wọ́ jókòó. Bí o bá dá wà nínú ilé, pe Kàsúmù sọ́dọ̀ kí o tó ka ìyókù.

Ànúolúwapọ̀ ti kú. Ọmọ mi ti kú. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé gbogbo ẹni tó wá bá mi kẹ́dùn, "nǹkan tó ṣẹlẹ̀ yẹn" ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé òjò ló ká òrùlé wa lọ. Inú oṣù Kẹjọ ni. Ó ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Alaba bọ̀ lórí ọ̀kadà, ni ọkọ̀ àjàgbé kan tí bíréèkì rẹ̀ já bá gbá wọn lórí títì márosẹ̀. Ọlọ́kadà náà kò kú. N kò bínú pé kò kú, ṣùgbọ́n n kì í fẹ́ kó máa wá kí mi.

Ìwọ náà mọ bí ọmọ yẹn ṣe fi ọ̀rọ̀ òkè náà sọ́kàn tó. Erékùṣù Pányá tí ẹ wà yẹn ni wọ́n ti bí mi, nígbà tí bàbá mi ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó, kí wọ́n tó kó àwọn ará Nàìjíríà wálé, tèmi tí ìyá mi pọ̀n sẹ́yìn. N kò rántí nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tí bàbá mi sọ nìkan ni mo mọ̀: pé òkè ńlá kan wà lórí erékùṣù náà, pé oòrùn a ti ràn lórí rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì ṣú lọ́dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń sọ fún Ànú dípò àlọ́. Nígbà tí iṣẹ́ títún tẹlifíṣàn ṣe wá bẹ̀rẹ̀ sí í mówó wọlé, ó ní, "Mọ̀mí, Disẹ́ńbà yìí, èmi pẹ̀lú yín la jọ máa wà lórí òkè yẹn tí oòrùn á fi yọ. Ẹ yáa bẹ̀rẹ̀ ẹsasáìsì." Ó pè ọ́, ìwọ bá Kàsúmù sọ̀rọ̀, Kàsúmù wá ẹni tó mọ ọ̀nà òkè, ó sì gba ìwé àṣẹ òkè gígùn. Ó ku kí a gbéra nìkan.

Ṣùgbọ́n ibo ni èèyàn ti fẹ́ kọ́ òkè gígùn ní Okokomáìkò? Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ láti ibí dé Ọ̀tọ̀-Àwórì. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń gbà sọdá títì ní Ìyànà Ìbà ni Ànú sọ di òkè wa. Bí a bá ti jáde nínú ìsìn àfẹ̀mọ́júmọ́ báyìí, a ó gùn ún lọ, a ó gùn ún bọ̀, àwa méjèèjì nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìjọ wa, pẹ̀lú àpò píọ́ wọ́tà lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹrù lè mọ́ ọn lára. O sì mọ àwọn èèyàn wa. Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi dá mi dúró, ó ní wòlíì wo ló gbé iṣẹ́ àdúrà yìí fún wa, irú ìṣòro wo sì ni iṣẹ́ náà wà fún. Ànú já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi, ó ní, "Oòrùn la fẹ́ lọ pàdé, mà." Àwàdà lòun ń ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, obìnrin náà dé pẹ̀lú àbẹ́là, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n tò sẹ́yìn wa, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń gun afárá. Ànú rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo ń gbá a lórí pé kó dákẹ́, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Obìnrin yẹn wá kí mi lẹ́yìn ìsìnkú. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá a parí iṣẹ́ òkè yẹn kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Kò ní ibi lọ́kàn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, n kò tíì gun afárá yẹn mọ́. Bí mo bá fẹ́ sọdá, àárín mọ́tò ni mò ń sá gbà.

Àjọkẹ́, n kò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Bàbá Ànú náà kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n Joseph, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló kó àwọn ọkùnrin ìdílé lọ, àwọn ìyá ìjọ sì dì mí mú nínú yàrá. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀. Wọ́n ní òbí kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀. Mo mọ àṣà náà, kò ṣàjèjì sí mi, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí lára ìyá nìyẹn. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀, wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, wọ́n yọ fọ́tò rẹ̀ lára ògiri. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ẹnìkan á ní, "Ó tó, ó tó." Wọ́n ní omi ló dà nù, agbè kò fọ́. Agbè tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló rí omi pọn láyé rẹ̀, odò wo ni wọ́n ní kó tún lọ? Orúkọ mi pàápàá, wọ́n ti gbà á. Láti ìgbà tí mo ti bímọ ni gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní Ìyá Ànú. Ní báyìí, "Màmá" ni, "Sísítà Rónkẹ́" ni. Wọ́n rò pé àwọn ń tù mí nínú.

Ohun kan ni wọn ò rí kó. Ànú ti ra bàtà òkè fún àwa méjèèjì, tòkunbọ̀ tó nípọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà àgbò ní Alaba Rago. Ó ní bí a bá dé òkè téńté, kí n bọ́ bàtà kí n wọ sùtánà mi, ṣùgbọ́n òun ò ní jẹ́ kí òkúta gé ìyá òun lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà. Inú àpò kan náà ni bàtà àwa méjèèjì wà, lábẹ́ ibùsùn mi, kò sì sẹ́ni tó rò ó pé kí òun wo ibẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọlé bá ọkọ mi tó jókòó sílẹ̀, tó ń fi aṣọ tútù nu bàtà Ànú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà kò wọ̀ ọ́ jáde rí. Ó dá a padà sínú àpò, ó wò mí lójú, ó ní, "Lọ." Láti ọjọ́ tí ọmọ ti kú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wọ̀ mí lára nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Joseph gbọ́, inú bí wọn. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í lọ ṣe fàájì lórí òkè nílùú onílùú, pé kí ni ayé á sọ? Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí Kàsúmù sọ fún ẹni tó fẹ́ mú wa lọ pé a ò wá mọ́. Mò ń bọ̀ ní Disẹ́ńbà. Màá wọ bàtà tí ọmọ mi rà fún mi, màá sì gbé tirẹ̀ sẹ́yìn bó ṣe máa ń gbé píọ́ wọ́tà. Bí oòrùn bá ti yọ, màá wá ibì kan tó dára láàárín òkúta, màá tò ó síbẹ̀. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ mi sí. Wọn ò ní kí n má mọ ibi tí mo gbé bàtà rẹ̀ sí.

Màá sunkún níbẹ̀, màá sì pe orúkọ rẹ̀ sókè bó ṣe wù mí. Ìwọ ṣáà má fọwọ́ bò mí lẹ́nu.

Bá mi kí Kàsúmù àtàwọn ọmọ. Ọkọ mi ní kí n kí yín. Gàrí Ìjẹ̀bú rẹ wà nílẹ̀, Ànú ti rà á kó tó lọ, èmi ni n ó gbé e wá. Nígbà tí o bá wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú, orúkọ tí o ti ń pè mí láti ọjọ́ yìí ni kí o pè mí, kí o pè é sókè, má wo ojú ẹnikẹ́ni.

Èmi ṣì ni,

Ìyá Ànú.