Ohun Tí Ọpọlọ Méjì Rí

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta, 1997
Kọ̀ǹpútà tuntun dé sí ọ́fíìsì wa ní Ojúẹlẹ́gbà. Ọpọlọ méjì ló wà nínú rẹ̀ — púrósẹ́sọ̀ méjì nínú àpótí kan. Oníbàárà kan ní Costain ló ni ín. Àǹtí Ọláníkẹ́, ọ̀gá wa, ní kí n fi iṣẹ́ tó wúwo dán an wò kí wọ́n tó wá gbé e. Iṣẹ́ wo ló wúwo ju ayò ṣẹ́ẹ̀sì lọ? Mo gbé ètò tí mo ti ń kọ láti oṣù Kọkànlá sórí rẹ̀, èyí tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀. Mi ò kúkú ní ẹni tí mo ń bá ta mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Kí n má parọ́ fún ìwé. Mo ní ẹnì kan. Bàbá Fàsásì, akọ̀wé Rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, ní Ebute Metta. Òun ló kọ́ mi. Ọdún mẹ́rin, gbogbo ọjọ́ Àìkú. Bí a bá ti ta tán, Bàbá á kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, èmi náà á kọ tèmi, a ó fọwọ́ sí i — ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọkọ̀ ojú irin tó bá kọjá nìyẹn. Lọ́dún kìíní ó nà mí bí ẹni ń lu bàrà. Nígbà tó yá, èmi ni mò ń na òun, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó sú mi. Mo sọ fún un ní oṣù Kẹwàá pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Ó ní ó dáa.
Láti ìgbà náà, bó bá di ọjọ́ Àìkú, mo máa ń dùbúlẹ̀ sínú yàrá mi ní Yaba, mo ń wo àjà.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ọpọlọ kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń sùn. Ètò mi ò mọ̀ pé méjì ni wọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo pín iṣẹ́ náà sí méjì. Mo sọ wọ́n lórúkọ: Ìyálé àti Ìyàwó. Àmọ́ ilé ìdáná kan ni wọ́n jọ ń lò, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n bá rí sí. Bí ọ̀kan bá wọlé, èkejì á dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyálé nìkan ń yẹ 40,000 ìgbésẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn méjèèjì pọ̀: 38,000! Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tí mo wẹ̀yìn, kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún. Ọ́fíìsì ti ṣófo.

Ọjọ́ Ajé, 10
Lánàá, oníbúrẹ́dì nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí ṣéńjì.

Ọjọ́rú, 12
Mo ti fún kálukú ní ààrò tirẹ̀. Ìgbà tí ọ̀kan bá rí ohun ńlá nìkan ló ń pe èkejì. 66,000. Kò tó ìlọ́po méjì, wọ́n ṣì ń se ọbẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì nígbà mìíràn. Àmọ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ń rí iwájú ju Ìyálé nìkan lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Mo gbé ìwé èmi àti Bàbá jáde láti fi dán wọn wò. Eré ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà lọ́dún tó kọjá, tí mo yọ̀ lé lórí títí. Mo bi Ìyálé nìkan pé kí ló yẹ kí Bàbá ṣe: ohun tí Bàbá ṣe gan-an ló mú. Mo bi àwọn méjèèjì: wọ́n ní rárá o. Kó fi ẹṣin rẹ̀ tọrẹ, ọba mi á kú ní ìgbésẹ̀ mẹ́fà.
Mo ní àṣìṣe wà nínú ètò mi. Mo tò ó sórí pátákó, mo fi ọwọ́ ara mi tà á. Òótọ́ ni.
Mo ní àgbà ló dé, kò rí i ni. Mo mú òmíràn. Eré méjìlá ni mo yẹ̀ wò. Nínú mẹ́sàn-án, Bàbá ti mú mi lọ́rùn kó tó jù mí sílẹ̀. Nínú ọ̀kan, ọgbọ́n tó jù sílẹ̀ ni ọgbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ kọ́ mi.
Kò gbàgbé. Ó ń jẹ́ kí n borí ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ lọ sí Costain. Ojú ń tì mí.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Mo lọ. Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ta funfun, ó tún ń ta dúdú fúnra rẹ̀. Ó ti rù. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀. Ó ní kí n jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to pátákó. Mo sọ fún un pé mo ti mọ̀.
Ó ní, “Túbọ̀sún, gbogbo àwọn tí mo nà ṣáájú rẹ, wọn ò padà wá. Mo ní bóyá ẹni tó bá ń borí á máa wá.”
Mo ní kó má dá mi sí mọ́. Ó ní ó dáa. Ó nà mí lẹ́ẹ̀mejì, kíákíá.
Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ayaba mi kò ní alátìlẹ́yìn. Bàbá rí i. Mo rí i pé ó rí i. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó dúró, ó sì yí padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ ogun kan tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rù ṣì ń bà á.
Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo dá a padà sórí ayaba náà.
“Ẹ jẹ ẹ́, Bàbá. Màá wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”
Ó wò mí títí, bí ẹni ń yẹ ìwé ọkọ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló jẹ ayaba mi.