Ìgò Ẹlẹ́ṣin Lójú Fèrèsé Màmá

                                                            Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Kejì,
                                                            Consuelo,
                                                            San Pedro de Macorís.
                                                            Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 2023.

Anyelo, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọwọ́ ọ̀tún rẹ ńkọ́? Ṣé èjìká yẹn kì í dùn ọ́ mọ́ bí o bá jí láàárọ̀? Oúnjẹ Florida ńkọ́, àbí ẹyin àti búrẹ́dì náà ni ẹ ṣì ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́? Gbogbo wa níbí wà. Màmá wà, mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lánàá, kò ga ju bó ṣe yẹ lọ. Omi ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí àdúgbò wa lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlà aṣọ tó wà ní òpópónà yìí fi kún lónìí.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ jọ ń sùn nínú yàrá kan ní ibùdó bẹ́sìbọ́ọ̀lù yẹn, Màmá sì máa ń dúró sẹ́yìn mi bí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo fẹ́ kí o lè tún ọ̀rọ̀ yìí kà bí àyà rẹ bá ti balẹ̀. Yokasta, aládùúgbò wa, ń fò lọ sí Tampa ní Sátidé. Òun ni yóò fi àpòòwé yìí lé ọ lọ́wọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí oògùn amáragbára jẹ́, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló ń pe orúkọ rẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò sì pọ̀. Ara ọkùnrin fúnra rẹ̀ ń ṣe èròjà kan tí ń sọ fún iṣan pé kó nípọn, kó sì tètè san bí ó bá fara pa. Oògùn amáragbára ni irú èròjà bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fọwọ́ ṣe sínú ìgò. Bí ó bá wọ ara, iṣan kò mọ̀ pé àlejò ni, ó kàn ń ṣe ohun tó bá ní kó ṣe. Ẹni tó yẹ kó sinmi ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tó ti ju bọ́ọ̀lù lè tún jù ú ní ọjọ́ kẹta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kà á léèwọ̀ nínú bẹ́sìbọ́ọ̀lù. Kì í ṣe fítámì. Fítámì ń dí ohun tó dín kù nínú ara, èyí ń fi kún ohun tí kò dín kù.

Anyelo, ohun tí Màmá gún sí ọ nídìí ní oṣù Kejìlá kì í ṣe fítámì.

Ní ọjọ́ Àìkú mo lọ jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn. Bí mo ṣe ń fọwọ́ nílé ìdáná ni mo rí ìgò kékeré mẹ́rin lójú fèrèsé. Omi wà nínú wọn, Màmá sì ti ki ẹ̀ka orégano bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè ta gbòǹgbò. O mọ Màmá, wọn kì í ju ìgò nù. Mẹ́ta kò ní bébà kankan lára mọ́. Àwòrán ẹṣin tó ń sáré wà lára ìkẹrin.

Mo ní, "Màmá, ìgò kí lèyí?"

"Ìgò fítámì Anyelo ni. Mo rẹ wọ́n sómi kí bébà ara wọn lè ṣí, kí n lè máa rí gbòǹgbò. Èyí tí Tíṣà kọ 'fítámì' sí ló kọ́kọ́ ṣí, àṣé òmíràn wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹṣin yẹn wù mí, mo bá fi í sílẹ̀."

"Ẹ ò ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹṣin?"

"Ta ló ń rí lẹ́tà tín-ín-tìn-ín yẹn? Ìwọ tó ní dígí lójú, kà á."

Mo kà á. Boldenona ni, oògùn amáragbára tí wọ́n ń ṣe fún ẹṣin. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹran nìkan ni kí wọ́n lò ó fún. Mo bọ́ dígí mi, mo nù ún, mo tún un kà.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, Màmá jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Ìrẹsì ń jó, kò sẹ́ni tó dìde sí i nínú àwa méjèèjì. Wọ́n ní, "Tíṣà ní fítámì èjìká ni. Ẹni tó kọ́ ọmọ mi ní bẹ́sìbọ́ọ̀lù láti ọmọ ọdún méjìlá, ṣé màá ní kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí n rí i ni?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní, "Anyelo ń sọ pé abẹ́rẹ́ yẹn ń dun òun. Mo ní kó dákẹ́, pé ọkùnrin ni."

Mo ní ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ fún ọ níbí yìí. Ní oṣù Kejìlá yẹn, Màmá pè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní, "Nurys, fítámì yìí ki, kò gba inú abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá. Èwo ni kí n lò?" Àwọn oníbàárà mẹ́rin wà níwájú mi. Mo ní kí wọ́n lo èyí tó nípọn, mo sì fi mẹ́wàá ránṣẹ́ sí wọn. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ń ṣiṣẹ́ apòògùn. Fítámì tí wọ́n ń gún fún àwọn eléré pupa bí omi ìṣápá, ó sì ń ṣàn bí omi. Ohun tó bá ki, òróró ni. Apòògùn tó bá gbọ́ pé fítámì ki, ó yẹ kó béèrè ohun tó wà nínú ìgò. Ohun tí wọ́n bi mí nìkan ni mo dáhùn.

Òróró yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Oògùn tó wà nínú òróró kì í yára jáde. Ó máa ń jókòó sínú iṣan ìdí, ẹ̀jẹ̀ a máa fà á díẹ̀díẹ̀, ẹ̀dọ̀ a gé e sí wẹ́wẹ́, kíndìnrín a wá da àwọn wẹ́wẹ́ náà sínú ìtọ̀. Ó lè gbà tó oṣù mélòó kan kó tó tán. Bí o bá sì ju ẹyọ iyọ̀ kan sínú táǹkì omi tó wà lórí òrùlé wa, irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ yín wò lè rí i. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejìlá ni Màmá gún ọ kẹ́yìn. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejì ni wọ́n gba ìtọ̀ rẹ nígbà tí o dé. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló wà láàárín wọn. Mo ti ṣírò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò rí bí kò ṣe ní hàn.

O sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé ẹnì kan nínú yàrá yín ní oògùn tó ń fọ ara, pé wọ́n lè tún wá gba ìtọ̀ yín nígbàkigbà, pé bóyá kí o gbé e mì kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Mo mọ̀ pé o rẹ́rìn-ín nígbà tí o sọ ọ́. Má gbé e mì. Ohun tí oògùn yẹn ń ṣe kò ju pé kí o máa tọ̀ léraléra. Kò lè dé ibi tí òróró jókòó sí, òun fúnra rẹ̀ sì wà nínú ìwé àwọn ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kan tí o kò mọ̀ nípa rẹ̀ lo ní báyìí. Bí o bá gbé e mì, o ti ní èkejì tí o mọ̀.

O rántí Elpidio, eléré bẹ́sìbọ́ọ̀lù àtijọ́ tó ń wa ọ̀kadà níwájú ilé iṣẹ́ ṣúgà àtijọ́. Orí rédíò ni ìyá rẹ̀ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ oògùn tí wọ́n bá lára rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Òun ló gbé mi relé ní ọjọ́ Ajé, mo sì bi í léèrè láìdárúkọ rẹ. Ó ní, "Nurys, abẹ́rẹ́ kọ́ ló bà mí jẹ́. Ọgọ́rin eré ni wọ́n fi dá mi dúró fún ìyẹn, ǹ bá ti padà. Oògùn ìfọra tí mo gbé mì lẹ́yìn ìyẹn ni. Wọn ò pè mí mọ́." Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Abẹ́rẹ́ bó bá ń kọjá, ó sì máa ń juwọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ó yí gba ọ̀nà ọjà kí ó má bàa gba ẹ̀gbẹ́ pápá bọ́ọ̀lù.

Mo tún ṣe àṣìṣe kan. Inú bí mi ní ọjọ́ Àìkú náà, mo pe Radhamés, Tíṣà rẹ, mo sì sọ ohun tó wà lẹ́nu mi fún un. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó yọ sí ẹnu ọ̀nà Màmá. Mo wà níbẹ̀.

Ó ní, "Doña Eduvigis, ẹ kú ọ̀sán o. Mo gbọ́ pé àwọn ìgò àtijọ́ kan ṣì wà lójú fèrèsé yín. Mo ní kí n bá yín kó wọn dànù, kó má lọ gé yín lọ́wọ́."

"Tíṣà, ẹ jókòó, ẹ mu kọfí."

"Mo ń kánjú díẹ̀, Màmá."

"Ẹṣin ló ń mu nǹkan lórí ìdúró. Jókòó."

Láti ọdún mẹ́sàn-án, n kò gbọ́ kí Màmá bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó jókòó. Ó ní gbogbo àwọn ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù ló ń gún un, pé òun kàn fẹ́ kí ọmọ Màmá dé Florida ni.

Màmá ní, "Èmi náà fẹ́ kó débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà ọ́ gbọ́."

"Àwọn ìgò yẹn dà?"

"Wọ́n wà lọ́wọ́ ẹni tó lè kà wọ́n."

Ó wá kọjú sí mi. Kò pariwo. Ó ní, "Nurys, tí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, wọ́n máa béèrè ẹni tó gún un, wọ́n á sì béèrè ibi tí abẹ́rẹ́ ti wá. Ro ó dáadáa." Kò mu kọfí náà kó tó lọ.

Mo rò ó. Màmá ti fọ inú àwọn ìgò náà kí wọ́n tó bu omi sí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n tọ́jú àwọn ìdérí rọ́bà wọn sínú agolo bọ́tìnnì, òróró sì máa ń wọ inú rọ́bà. Mo fi ìdérí kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, mo kọ ọjọ́ sí i, mo sì ya àwòrán gbogbo wọn. Lánàá, a kó wọn lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan ní San Pedro. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Màmá wọ̀ lọ. Wọ́n búra pé ọwọ́ àwọn ni abẹ́rẹ́ wà, èmi náà búra pé ọ̀dọ̀ mi ló ti wá. Ìjọba lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi fún ìgbà díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹrù tìrẹ.

N kò ní tàn ọ́. Òfin yín sọ pé ohun tí wọ́n bá bá nínú ara rẹ, ìwọ ló ni ín. Àwọn ìwé ìbúra yìí lè dín ìjìyà kù, wọ́n sì lè má dín in kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ wá sọ òtítọ́ kí ìwé àyẹ̀wò tó dé kì í jókòó sórí àga kan náà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n lọ mú.

Bá mi kí àwọn tí ẹ jọ wà nínú yàrá, títí kan ẹni tó ní oògùn ìfọra. N kò rò pé ó fẹ́ ibi fún ọ, ẹ̀rù ló ń ba òun náà. Màmá ní kí o máa wọ ibọ̀sẹ̀ sùn.

Dá oògùn yẹn padà lónìí. Lẹ́yìn náà, mú bírò, kí o kọ gbogbo ohun tó ti wọ ara rẹ láti oṣù Kẹwàá, ọjọ́ tó wọlé àti ẹni tó fún ọ. Má fo ohunkóhun, ì báà ṣe oògùn orí fífọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí o tó wọ bàtà eré, pe agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ àwọn eléré, ní kí wọ́n fún ọ ní ẹni tó gbọ́ èdè wa, kí o sì fi ìwé ìbúra méjèèjì tó wà nínú àpòòwé yìí lé agbẹjọ́rò náà lọ́wọ́ pẹ̀lú ohun tí o kọ. Níbi tí o bá ti fẹ́ kọ ẹni tó gún ọ, má kọ "ẹnì kan nílé wa." Màmá ní kí o kọ orúkọ àwọn ní kíkún: Eduvigis Peguero.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí etí rẹ̀ wà lára fóònù,

Nurys