Wọ́n Ní Ẹsẹ̀ Mi Kò Rọ Tó

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè níbí. Ẹ bá mi kí Ìyá mi, ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n mi Kàfáyà àti gbogbo ilé ní Egan.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lórí fóònù pé ẹnìkan dá yín dúró lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó bi yín ṣé òótọ́ ni pé ọmọ yín ń díbọ́n arọ kó lè gba góòlù. Wọ́n ní bàtà yín lẹ kàn wọ̀ tí ẹ ń lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ọjọ́ kejì tí a dé ibi ìdíje tí wọ́n fi ń yan àwọn tó máa lọ sí Paralíńpíìkì, kóòṣì orílẹ̀-èdè kan fẹjọ́ sùn pé òun rí mi tí mo gun àtẹ̀gùn láìlo ọ̀pá. Òótọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀, pé kí n fi ọwọ́ ti orúnkún ọ̀tún, kí n sì fi èjìká ra ògiri.

Dókítà mẹ́ta ní kí n dùbúlẹ̀. Wọ́n di ẹsẹ̀ mi mú, wọ́n ní kí n fi gbogbo agbára tì wọ́n. Mo tì wọ́n, torí bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe tọ́ mi. Wọ́n wá ní agbára tó kù nítan mi ju èyí tí òfin gbà fún àwa tó ń jókòó sórí àga ju irin rìbìtì, pé kò sí ìsọ̀rí tó gbà mí. Wọn ò pè mí ní onírọ́ o. Àwọn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló fi tiwọn kún un. Ẹ sọ fún ẹni tó bi yín pé mi ò díbọ́n.

Nígbà tí mo pe ilé, Ìyá mi bú sẹ́kún, wọ́n ní alihamdulilahi, pé àdúrà táwọn ti ń gbà látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú mi lọ́mọ ọdún mẹ́ta ti gbà. Ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ fún ló ń pa mí lẹ́kún. Mo ṣáà ní àmín. Mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ni mo pa.

Obìnrin tí kóòṣì rẹ̀ fẹjọ́ sùn wá bá mi, ó ní òun ò mọ̀ sí i, ó dì mọ́ mi. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ tirẹ̀ méjèèjì. Ọkàn mi kan ń bínú sí i, èkejì ń bi mí pé bóyá àyè rẹ̀ ni mo ti ń gbà látọjọ́ yìí.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ní ìlú òtútù tí mo ń gbé yìí. Yìnyín bo ọ̀nà, mo ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí. Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń dìde fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n. Ẹni tó jẹ́ arọ nínú bọ́ọ̀sì, tí kì í ṣe arọ ní pápá, kí la máa pè é, Bàbá mi?

Sátidé tó kọjá, mo lọ sí pápá kékeré kan níbi táwọn tí ẹsẹ̀ wọn pé ti ń ju irin. Fọ́ọ̀mù wọn béèrè bóyá mo jẹ́ akanda, kí n mú bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́. Mo wò ó títí, ẹni tó ń gba fọ́ọ̀mù fi ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jàre. Mo ju irin náà lórí ìdúró, mo ṣubú, irin tèmi ló sì balẹ̀ nítòsí jù. Mo dìde, mo tún lọ tò sórí ìlà.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, á fún Ìyá mi lálàáfíà. Ẹ kí tẹrú tọmọ àdúgbò fún mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Sídíkátù