Ọwọ́ Ìyá Mi Lára Ògiri Ilé-Ìwé

Ojúlé Kẹsàn-án,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Ìgàndó.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Akínlẹ́yẹ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ìpájà? Ìyàwó ńkọ́? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, àti ìwọ. Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti le, nẹ́tíwọ̀kì rẹ kì í dára.

Naomi ọmọ rẹ mú ìwé tí o kọ fún àádọ́rùn-ún ọdún ilé-ìwé ìjọ wa wá, kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó gbé e fún àwọn atẹ̀wé lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí mi, ó sì ń bí mi lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí.

O ní ilé-iṣẹ́ kọ́lékọ́lé Ṣóbọ̀wálé láti Abẹ́òkúta ló kọ́ ilé-ìwé náà, kí ogun Hítílà tó dé, pé ọkùnrin mọ́kàndínlógún ló fi òógùn ojú wọn kọ́ ọ. O to orúkọ wọn lẹ́sẹẹsẹ, títí kan ẹni tó ń dáná fún ọ̀gá. Ta ló wá rẹ́ ògiri, Akínlẹ́yẹ? Àbí ògiri rẹ́ ara rẹ̀ ni?

Obìnrin méje ni, Ọmọ́wùnmí ìyá mi sì wà lára wọn. Àwọn ló pọn omi lódò, àwọn ló fẹsẹ̀ po amọ̀, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi rẹ́ ògiri náà. Lọ́jọ́ tí òjò dé kí wọ́n tó kan òrùlé, àwọn ọkùnrin rẹ sá sábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn obìnrin ló ń fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ògiri kó má baà wó. Àmọ́ nígbà tí oní-fọ́tò dé, Ṣóbọ̀wálé ọ̀gá wọn ní, "Ẹ̀yin obìnrin, ẹ yẹra, ẹrẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín." Wọ́n sì yẹra.

Bó bá jẹ́ àlejò ló kọ ìwé yìí, ǹ bá ní kò mọ̀ ni. Ìwọ tí ìyá mi pọ̀n! Lóṣù tó kọjá tí mo ní kí o fi orúkọ rẹ̀ sí i, o ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́rìí. Ìwé ilé-iṣẹ́ yẹn ò dárúkọ obìnrin kankan." Ó dùn mí wọra.

Ṣùgbọ́n bí ojú bá ń sunkún, a máa ríran. Mo gbé awò sójú, mo wo fọ́tò àwọn ọkùnrin rẹ níwájú ògiri náà, ní ojú ìwé kẹta. Ṣé o rántí ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún ìyá mi, tó kákò láti kékeré, tí kò ṣeé nà? Òun lo máa ń dì mú bí ẹ bá ń lọ sọ́jà. Bí wọ́n bá rẹ́ ògiri tán, wọ́n á fi ìka fa ilà sí i lára kó tó gbẹ. Ilà mẹ́rin-mẹ́rin ni tàwọn yòókù. Mẹ́ta ni ti ìyá mi, pẹ̀lú àlàfo láàárín. Wo ẹ̀yìn èjìká Ṣóbọ̀wálé nínú fọ́tò rẹ, kí o ka ilà tó wà níbẹ̀.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún mi. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní parun, àwọn ọmọ tí o bí kò sì ní fi orúkọ rẹ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ka orúkọ.

Èmi ni ìyá rẹ, tí inú ń bí, tó sì fẹ́ràn rẹ síbẹ̀,
Cecilia, ọmọ Ọmọ́wùnmí.

Àfikún: Má yọ fọ́tò náà o. Mo ti fi bírò kọ ohun tí wọn yóò tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: "Ọkùnrin mọ́kàndínlógún rèé, wọ́n fẹ̀yìn ti iṣẹ́ ọwọ́ Ọmọ́wùnmí."