Pupa Wo Ni Bàbá Ní Lọ́kàn?

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, 1996

Ìwé mi, má bínú. Ẹni tí kò lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́jà kò yẹ kó máa gbé bíírò.

Ike ẹ̀gbẹ́ ọ̀kadà Bàbá tó là ni mo tún ṣe nílé lónìí. Mo fi wáyà gbígbóná lu ihò sí i, mo sì fi wáyà gán an pọ̀ bí ìyá àgbà ṣe ń gán igbá tó là. Ó dì mú. Ọ̀dà ló kó bá mi. Bàbá ní kí n ra pupa. Ọlọ́dà bi mí pé, “Pupa wo?” Mi ò fẹ́ kó mọ̀ pé mi ò mọ̀, mo ní, “Pupa ṣáá.”

Mo fi kùn ún. Ìgbà tó gbẹ ni mo rí i pé pupa rúsúrúsú ni. Táńkì ọ̀kadà sì pupa fòò.

Láti ìgbà tí mo ti wọ Poli, Bàbá ò fi nǹkan rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ rí, àfi lónìí. Bàbá dé. Ó fọwọ́ pa ojú ibi tí mo gán.

“Akẹ́kọ̀ọ́, ìwọ lo ṣe èyí?”

“Èmi ni, sà. Ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀...”

“Kí ló ṣe é? Ṣé dúdú ni?”

Ó ní òun á gun ọ̀kadà náà lọ sí ìlú Imoru lọ́la.

Bóyá kò rí i ni. Bóyá ńṣe ló ń bò mí láṣìírí...

Ìwé, jọ̀ọ́, má sọ fún un pé ọlọ́dà bi mí.