Akẹtẹ̀ Tí O Rà fún Lowell

Ojú Ọ̀nà Sycamore,
Pruett Mill,
Arkansas.
Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹfà, 2019.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Corliss,

Ṣé dáadáa ni o wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ológbò burúkú tó máa ń sùn sínú agbọ̀n aṣọ rẹ? Òjò ti pọ̀ lọ́dọ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, ṣùgbọ́n tòmátì mi ń ṣe dáadáa. Ara mi náà ń mókun, àfi èjìká tí mo fi ṣubú lórí yìnyín nígbà òtútù. Kò tíì jẹ́ kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún ga ju àyà lọ. Rántí èjìká yìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, Merrilee ọmọ ọmọ mi kọ́ ló bá mi kọ ọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ wa ní kíláàsì àgbà sọ pé lẹ́yìn tí a bá kí ènìyàn tán, kí a sọ ohun tó mú wa kọ̀wé. Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí: akẹtẹ̀ tí o rà fún Lowell ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti lọ, kò sì ní padà mọ́. Má tíì gbé fóònù. Kà á tán ná, nítorí àwọn ará ibí ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wù wọ́n, mi ò sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

O mọ Lowell àti ọ̀pá ìpẹja. Kì í fọwọ́ kan tuntun. Àwọn ọ̀pá gíláàsì àtijọ́ tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì hun ni tirẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣe nígbà tí èmi àti ìwọ ṣì ń wọ yẹ̀rì ilé ìwé, tó rọ̀ débi pé bí ẹja báàsì bá gbé ìwọ̀, ọ̀pá á tẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ di mú. Aláwọ̀ ilẹ̀ tó rà ní ọdún tí a ṣègbéyàwó ni olórí wọn. Ọkùnrin yẹn ti fún mi ní ọmọ mẹ́ta, ó ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì gbà kí n nu eruku ara ọ̀pá náà.

Merrilee wà lọ́dọ̀ wa fún ìsinmi. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlá, gíga rẹ̀ sì ti kọjá tèmi. Bàbá rẹ̀ ra ọ̀pá dúdú ìgbàlódé kan fún un, tó tín-ín-rín, tó fúyẹ́. Nígbà tí Lowell rí i, ó bi í bóyá wọ́n gbàgbé láti fi ìyókù ìgbálẹ̀ náà ránṣẹ́. Ó wá yọ ọ̀pá gíláàsì aláwọ̀ ìyeyè kan jáde nínú àpò aṣọ, ó ní kí ó fi kọ́ṣẹ́. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì ju gbólóhùn kan lọ: "Dúró dè é." Bí a bá ju okùn ọ̀pá gíláàsì sẹ́yìn, a gbọ́dọ̀ dúró kí okùn nà tán lẹ́yìn wa, kí ọ̀pá sì tẹ̀, kí a tó jù ú síwájú. Ẹni tó bá kánjú, gbogbo okùn á wó síwájú rẹ̀ bí ìfun adìẹ.

Merrilee ní, "Bàbá àgbà, kí ọ̀pá yín yìí tó ṣe tán, ẹja á ti bímọ."

Lowell ní, "Ìwọ ṣáà dúró dè é. Bó bá bímọ, ẹja pọ̀ sí i nìyẹn."

Báyìí ni wọ́n ń bá ara wọn jà nínú àgbàlá mi ní ojoojúmọ́, tí wọ́n ń fi okùn na ewé tòmátì mi.

Ní Sátidé tó kọjá, a gbéra lọ sí odò Little Cane, ní adágún tó wà lókè odi tí wọ́n fi dí odò fún ilé ọlọ àtijọ́. O mọ odi yẹn. Kò ga ju ọkùnrin kan lọ, ojú kì í kà á sí. Ṣùgbọ́n o rántí ohun tí bàbá wa máa ń sọ, pé omi abẹ́ rẹ̀ kì í dá ohun tó bá gbà padà. Òjò orí òkè sì ti mú kí omi tó ń gorí rẹ̀ nípọn, a ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti ibi tí a gbé ọkọ̀ akẹ́rù sí.

Lowell ní òun yóò dá wọ ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ rẹ̀ lọ sí ìdí ewé òṣíbàtà, lókè lọ́hùn-ún, jìnnà sí odi. Èmi àti Merrilee yóò dúró lórí iyanrìn tó na ahọ́n sínú omi. Kí ó tó wọkọ̀, ó yọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn rẹ̀ méjèèjì, ó dì wọ́n sínú áńkáṣíìfù.

"Ardith, bá mi di etí mi mú. Omi kò gbọdọ̀ kàn wọ́n."

Mo ní, "Kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe? Nígbà tí wọ́n wà lórí rẹ gan-an, o kì í gbọ́ tèmi."

Ó rẹ́rìn-ín, bóyá ó gbọ́, bóyá ẹnu mi tó ń mì ló rí. Mo jù wọ́n sínú àpò épírọ́ọ̀nù mi.

Ó so òkúta mọ́ okùn, ó sọ ọ́ sísàlẹ̀ omi kí ọkọ̀ má baà lọ, ó kọjú sí òkè odò, ó sì ń ju kòkòrò kọ́ọ̀kì rẹ̀, ìdẹ tí wọ́n gbẹ́ bíi kòkòrò, sẹ́bàá àwọn òṣíbàtà. Kò pẹ́, báàsì kan fò jáde nínú omi, ó tóbi tó apá mi. Ọ̀pá aláwọ̀ ilẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ. Èmi àti Merrilee pariwo, a ń pàtẹ́wọ́, inú wa dùn débi pé kò sẹ́ni tó rántí wo okùn òkúta. Merrilee ló kọ́kọ́ dákẹ́.

"Màmá àgbà, igi tó wà lẹ́yìn Bàbá àgbà ń rìn."

Corliss, igi kò rìn. Ọkọ̀ ló ń rìn. Okùn òkúta ti já.

Lowell jókòó nínú ọkọ̀, ó kẹ̀yìn sí odi, ó ń bá ẹja rẹ̀ fa wàhálà. Orí adágún yẹn máa ń tẹ́jú bí àwo epo, ènìyàn kì í mọ̀ pé omi ń gbé òun lọ. Mo kígbe orúkọ rẹ̀. Mo kígbe títí ohùn mi fi ya. Ìgbà tí mo ti ọwọ́ bọ àpò láti wá fóònù, tí ọwọ́ mi ba áńkáṣíìfù, ni mo tó rántí: mò ń kígbe sí ọkùnrin tí etí rẹ̀ wà nínú épírọ́ọ̀nù mi. Fóònù sì rèé, o mọ̀ pé kì í ṣiṣẹ́ nínú àfonífojì yẹn.

Merrilee ti ń bọ́ bàtà láti kó sómi. Mo di apá rẹ̀ mú. Ibẹ̀ jìn, omi náà ì bá ti gbé àwọn méjèèjì lọ. Mo fi ọwọ́ òsì ju òkúta, kò dé ìdajì ọ̀nà. Ọkọ̀ sì ń bọ̀ wá kọjá níwájú wa, ní ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí omi ti ń yára. Bó bá ti kọjá orí ahọ́n iyanrìn yẹn, odi ló kù. Àjẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kí ó ṣáà yíjú ni, kí ó ṣáà yíjú!

Ọmọ náà sáré lọ sídìí àwọn ọ̀pá.

Mo ní, "Mú dúdú yẹn! Ó ń jìnnà jù!"

"Kòkòrò orí rẹ̀ kéré, Màmá àgbà. Kò ní mọ̀ ọ́n lára." Ó gbé aláwọ̀ ìyeyè, èyí tí wọ́n so kòkòrò kọ́ọ̀kì ńlá mọ́, tó dà bí ọ̀pọ̀lọ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Tèmi tí kò lè gòkè yìí, ẹnu ni mo fi ń ṣe é. "Yára! Merrilee, yára! Jù ú, jù ú!" Ó yára. Ó ju okùn sẹ́yìn, ó sì jù ú síwájú lẹ́sẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀ sínú omi níwájú wa. Ọkọ̀ ti dé ọ̀gangan wa. Mo rí ojú Lowell láti ẹ̀gbẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹja.

Merrilee ń fa okùn jọ. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́."

Mo ki etí épírọ́ọ̀nù bọ ẹnu, mo sì fi eyín dì í mú.

Ó gbé ọ̀pá sókè. Okùn fò sẹ́yìn lórí iyanrìn. Ó dúró. Ọkọ̀ ń lọ, ó dúró. Corliss, mo ti rọbí ọmọ mẹ́ta, mo ti jókòó ní ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, n kò tíì rí ìdúró tó gùn tó ti ọmọ yẹn. Mo rí ọ̀pá náà tó ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni tó ń ronú. Mo fẹ́ pariwo. Nígbà náà ló tó jù ú. Okùn ṣí lórí omi, ó ń lọ, ó ń lọ, n kò mọ̀ pé okùn lè jìnnà tó bẹ́ẹ̀, kòkòrò kọ́ọ̀kì náà sì gbá Lowell lórí pàá! Merrilee fà á. Akẹtẹ̀ tí o rà fún un ṣí kúrò lórí rẹ̀.

Lowell yíjú sí wa. Ó ti la ẹnu láti bú ẹnìkan. Ó rí ọwọ́ Merrilee tó ń nà sísàlẹ̀ odò, ó bojú wẹ̀yìn, ó sì rí ibi tí omi ti parí bí etí tábìlì.

Ó ju ọ̀pá sómi. Ọ̀pá aláwọ̀ ilẹ̀ náà ni mo ń sọ. Ẹja ló wọ́ ọ lọ. Lowell mú àjẹ̀, ó ń wa ọkọ̀. Ọkọ̀ kọ́kọ́ dúró lójú kan, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sún díẹ̀díẹ̀, títí imú ọkọ̀ fi kọlu gbòǹgbò igi kan létí omi ní apá ọ̀dọ̀ wa, tí Lowell sì dì mọ́ gbòǹgbò náà bí ọmọ tó dì mọ́ ìyá rẹ̀.

Akẹtẹ̀ rẹ ti bọ́ lórí ìwọ̀, ó ń léfòó lọ. Ó gorí odi, ó já sísàlẹ̀. A ń wò ó. Ó rì, ó yọ, ó yí, ó tún rì, ó tún yọ ní ojú kan náà. Omi náà kò jẹ́ kí ó lọ.

Nígbà tí Lowell rìn dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ardith, etí mi dà?" Mo kó wọn fún un. Ó ki wọ́n bọ etí.

Merrilee ń sunkún. "Ẹ má bínú, Bàbá àgbà. Mo ba akẹtẹ̀ yín jẹ́."

"Ìgbà mélòó lo jù ú?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Kí ló ṣe àkọ́kọ́?"

"Mi ò dúró dè é."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Mo dúró."

Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí iyanrìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó sunkún. N kò rí i kí ó sunkún láti ìgbà tí a sin ìyá rẹ̀.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Lọ́jọ́ náà, ọmọ ló wà lọ́jà tí orí àgbà kò fi wọ́. Sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ lọ́dọ̀ yín, kí o sì fi kún un pé ọmọ ọmọ mi ni.

A kò rí ọ̀pá aláwọ̀ ilẹ̀. Lowell ní ọ̀pá náà tọ́ sí ẹja yẹn. Kì í yọ etí rẹ̀ mọ́, àní lórí ibùsùn, ó sì ti wá ń ráhùn pé mo máa ń han-run. Mo ní kó padà lọ bá báàsì rẹ̀. Má ra akẹtẹ̀ mìíràn fún un o. Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, kí o sì bá mi fọwọ́ pa ológbò burúkú náà lórí.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, mò ń rí wọn láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Merrilee wà nínú àgbàlá pẹ̀lú ọ̀pá ìyeyè, bàbá àgbà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìdé fìlà. Kò sọ "dúró dè é" mọ́ láti Sátidé. Ṣùgbọ́n bí okùn bá ti fò sẹ́yìn, mo máa ń rí i tí òun náà mú èémí dání, tí ó dúró pẹ̀lú rẹ̀.

Èmi ni tìrẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè ju okùn ṣùgbọ́n tó lè kọ̀wé,

Ardith