Ọ́fíìsì Ilé Tí Kì Í Jẹ́ Kéèyàn Wálé

Apenisa, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Bámíńhámù kò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Ọlọ́run tó ń pa àwọn apẹja Kadavu mọ́ lójú òkun Fiji yóò pa ọ́ mọ́ nídìí bọ́ọ̀sì tí ò ń wà, èrò ọkọ̀ kankan kò ní rí ọ bú, àmín. Nílé níbí, òjò ń rọ̀, ẹlẹ́dẹ̀ wa ti bímọ, pásítọ̀ wa sì tún sùn lọ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń gbàdúrà lọ́wọ́.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó o sọ ránṣẹ́ sórí fóònù Salote àbúrò rẹ. O ní o kò lè wá wo bàbá rẹ, torí àwọn Ọ́fíìsì Ilé tó ń fúnni níwèé ọmọ ìlú níbẹ̀ ń ka ọjọ́ tí o kò sí nítòsí, pé ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ Ìlú Ọba kò gbọdọ̀ lò ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ níta lọ́dún tó kẹ́yìn, àti pé o ti ná tìrẹ tán nígbà tí ìjì ká òrùlé wa lọ tó o wá bá wa kàn án. Háà! Ọ́fíìsì Ilé, tí kì í jẹ́ kéèyàn wálé! Ta ló sọ wọ́n lórúkọ yẹn? Nígbà tí àwọn bàbá ńlá tiwọn gúnlẹ̀ sí etíkun wa tí wọ́n ta àsíá, ta ló bá wọn ka ọjọ́ kí wọ́n tó di onílẹ̀ lé wa lórí?

Salote ní wọ́n tún máa ń wádìí bóyá èèyàn níwà rere. Mo ní ṣé wíwo bàbá ẹni tó ń ṣàìsàn kì í ṣe ìwà rere ni? Kitione, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ní òun náà ti ń ka ọjọ́ tìrẹ níbí o, pé tó o bá dé, wàá ṣe ìdánwò bíi ti àwọn Ọ́fíìsì Ilé kí òun tó bu ẹ̀gẹ́ fún ọ jẹ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi bàbá rẹ. Ẹsẹ̀ wọn ti wú, wọn kò lè dìde lórí ẹní mọ́, nọ́ọ̀sì sì ní kí a má retí pé wọ́n á rí Kérésì.

Jọ̀ọ́, fi owó epo ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́, ká lè máa gbé wọn lọ sí ọsibítù, kó o sì fi ti ṣúgà kún un.

Ṣùgbọ́n ìwọ lo jẹ̀bi o, Apenisa. Ọwọ́ òfo lo gbé lọ bá àwọn onílẹ̀, o kàn lọ kọ fọ́ọ̀mù bí ẹni tí kò ní ìyá. Ṣé o ti gbàgbé pé eyín àbùùbùtán la fi ń tọrọ ohun ńlá lọ́wọ́ ìjòyè nílẹ̀ wa ni? Ọ̀kan wà nínú ẹrù tí mo fi rán ọ̀rẹ́ rẹ Viliame sí ọ. Jókòó sílẹ̀ níwájú ọ̀gá wọn, má jẹ́ kí orí rẹ ga ju tiẹ̀ lọ, fi ọwọ́ méjèèjì gbé eyín náà fún un, kó o wá tọrọ ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ìjòyè wo ló máa gba irú ẹ̀ tí á ní rárá?

Èyí tá a tọ́jú láti gbé kalẹ̀ níbi ìsìnkú bàbá rẹ ni. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n yọ ọ́ lábẹ́ ẹní. Mo ní kí la ó wá fi sin yín, wọ́n ní kí n dákẹ́, pé àwọn fẹ́ fi rí ọ nígbà tí ojú àwọn ṣì là.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọ̀gá tó o máa bá níbẹ̀ jẹ́ ẹni tó ní bàbá.

Èmi ìyá rẹ,
Vasemaca